"Ẹ ṣáà ní sùúrù": sùúrù wo gan-an là ń sọ?

Tó o bá dúró sí Ìtòkú, ọjà aládìrẹ l'Abẹ́òkúta, láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wàá gbọ́ "ẹ ní sùúrù" lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn. Ìyá aládìrẹ á sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà tó ń kánjú. Ọ̀gá télọ̀ á sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ ẹ̀ tó ti kọ́ṣẹ́ tán tipẹ́ àmọ́ tí wọn ò tíì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún. Ẹni tó yáwó, tó ní ìparí oṣù lòun máa san, tí oṣù ti parí tó tún bẹ̀rẹ̀ tó tún parí, òun náà á ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi". Dírẹ́bà tó ń lọ Pánsẹ́kẹ́ á sọ ọ́ fún èrò tó ti jókòó sínú mọ́tò títí ìdí fi ń ro wọ́n, torí ó ku ẹnì kan kí ọkọ̀ kún. Ìyá ọkọ á sọ ọ́ fún ìyàwó tójú ẹ̀ wú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn o, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí wọ́n ń bèèrè.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé sùúrù ni baba ìwà, àgbà tó ní sùúrù ohun gbogbo ló ní. A gbọ́ ọ nílé, a gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ìyàwó tí wọ́n ń sìn relé ọkọ tí wọn ò ní kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ẹrù ẹ̀. Téèyàn bá wá dàgbà tán, tó rí i pé sùúrù tóun ní yìí gan-an ni wọ́n fi ń rẹ́ òun jẹ, àwọn kan á ju gbogbo ẹ̀ nù, wọ́n á ní ayé ti yí padà, ẹni tí ò bá le ò lè rí nǹkan jẹ nílùú yìí. Àwọn kan á sì máa gbé e mì, wọ́n á máa gbé e mì, títí ẹ̀jẹ̀ ríru á fi wọlé tọ̀ wọ́n wá. Lójú tèmi, àtẹni tó jù ú nù àtẹni tó ń gbé e mì, nǹkan kan náà ni wọ́n jọ pè ní sùúrù, wọ́n sì jọ ṣì í pè ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi tí òwe yẹn ti ṣẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pa á láìgbọ́ ìtàn ẹ̀ rí. Àwọn babaláwo máa ń sọ ọ́ nínú ẹsẹ Ifá pé èèyàn ni Ìwà, obìnrin ni, arẹwà sì ni. Sùúrù ni bàbá tó bí i lọ́mọ, Sùúrù yìí fúnra ẹ̀ sì ni àkọ́bí Olódùmarè. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, ó mú un wálé, kò pẹ́ tó fi rí i pé obìnrin yìí ní àwọn àṣà kan tí ò dáa, kò mọ ilé tọ́jú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà ò sì rọrùn. Ọ̀rúnmìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé, ó ń bá a wí, ó ń kanra mọ́ ọn, títí ọ̀rọ̀ fi sú Ìwà, ló bá kó ẹrù ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Bó ṣe lọ ni nǹkan Ọ̀rúnmìlà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Àwọn tó ń wá dífá lọ́dọ̀ ẹ̀ ò wá mọ́, owó ò wọlé, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún un lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ nǹkan tóun gbé sọ nù, ló bá gbéra, ó ń tilé dé ilé, ó ń bi àwọn èèyàn ńlá ńlá pé ṣé wọ́n bá òun rí Ìwà.

Ẹ tún ìtàn yẹn wò dáadáa. Ta ni sùúrù tọ́ sí níbẹ̀? Ọ̀rúnmìlà ni. Ọkọ ni, onílé ni, ẹni tí gbogbo ayé ń wá bá láti mọ̀la ni. Òun lagbára wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló lè kanra kò sì sẹ́ni tó máa bi í, òun gan-an ni wọ́n sì ń retí pé kó ní sùúrù. Ìtàn yẹn ò ní kí Ìwà jókòó kó máa fara dà á. Nígbà tó sú u, ó lọ, kò sì sẹ́ni tó pè é ní aláìnísùúrù, ọmọ Sùúrù ni kẹ̀! Àwa la wá yí i dorí kodò, tó fi jẹ́ pé ọmọṣẹ́ là ń wàásù sùúrù fún, a ò wàásù ẹ̀ fún ọ̀gá. Ìyàwó là ń sọ fún, a ò sọ fún ọkọ. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó là ń bẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè ń rìn fàlàlà kiri Sàpọ́n. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹni tó wà lókè ló sábà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn fura.

Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ní ìyẹn tàwọn onífá, tòun Bíbélì ni. Kò burú. Jóòbù ni wọ́n máa ń gbé wá níbi ìwàásù, ìwé Jákọ́bù orí 5 sì sọ ọ́ lóòótọ́ pé a ti gbọ́ ti sùúrù Jóòbù. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé Jóòbù fúnra ẹ̀. Ní orí 3, ọkùnrin yìí la ẹnu, ó fi ọjọ́ tí wọ́n bí i gégùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta wá kí i, wọ́n bá a jókòó sílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ nǹkan kan (ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù nìyẹn), lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló fà á. Jóòbù ò gbà fún wọn o. Ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní olùtùnú tó ń dáni lágara ni gbogbo wọn, ó ní Ọlọ́run fúnra ẹ̀ lòun fẹ́ bá rojọ́. Nígbà tọ́rọ̀ sì parí ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ tó ní kó gba kámú yẹn ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bíi ti Jóòbù. Ẹni tó sọ̀rọ̀, tó ṣàròyé, tó janpata, òun ni wọ́n fi sùúrù ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Lọ́dọ̀ àwa mùsùlùmí náà, ẹ wo Ànọ́bì Yaakubu nínú Sura Yusufu, ìkejìlá nínú Àlùkùránì. Àwọn ọmọ ẹ̀ mú ẹ̀wù tó lẹ́jẹ̀ wá, wọ́n ní ìkookò ti pa Yusufu jẹ. Bàbá yẹn ò gbà wọ́n gbọ́, ó sọ ọ́ sí wọn lójú pé ọkàn wọn ló bá wọn pète ẹ̀, ó wá ní sùúrù tó rẹwà ló kù fóun. Sùúrù tó rẹwà yìí, báwo ló ṣe rí? Ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi funfun. Ó ní Ọlọ́hun lòun ń ro ẹ̀dùn ọkàn òun fún. Lẹ́yìn ọdún tó ti gorí ọdún, ó tún rán àwọn ọmọ kan náà jáde, ó ní kí wọ́n lọ wá Yusufu àti àbúrò ẹ̀ rí, kí wọ́n má sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ẹkún wà níbẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, wíwá wà níbẹ̀. Ẹni tó ní tó o bá ti ń sunkún o ò ní sùúrù, kò ka sura yẹn délẹ̀ ni.

Àwa ọmọ Ẹ̀gbá ò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tó yẹ kó ṣi nǹkan yìí mú, ọmọ Lísàbí ni wọ́n kúkú ń pè wá. Kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó lọ́dún 1830, inú igbó Ẹ̀gbá làwọn baba ńlá wa wà, ní ìlú kéékèèké tó pọ̀, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì wà. Aláàfin fi àjẹlẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú ẹ̀, síbẹ̀, àwọn àjẹlẹ̀ yìí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń gba èyí tó kọjá ìṣákọ́lẹ̀, ohun tójú wọn bá rí tó bá ti wù wọ́n, tiwọn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1800. Àgbẹ̀ ni Lísàbí, ọkùnrin gìrìpá tó lè fi ọwọ́ gba nǹkan. Kò sì fi ọwọ́ gbà á lọ́jọ́ tínú kọ́kọ́ bí i. Ó pe àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ ká máa ṣe àáró, lónìí gbogbo wa á roko tèmi, lọ́la a máa roko tìrẹ, nǹkan tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ni, àjẹlẹ̀ wo ló máa fura sí i? Àáró yẹn ń tàn láti abúlé dé abúlé, àwọn tí ò mọra wọn tẹ́lẹ̀ ti wá ń jọ roko, wọ́n ń jọ jẹun, wọ́n ti mọ ẹni tó ṣeé finú hàn àtẹni tí ẹnu ẹ̀ ò le. Ìgbà tó yá, àáró di ẹgbẹ́ ológun, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Olórógùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti jọ dá, wọ́n dìde sáwọn àjẹlẹ̀ kárí ilẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí Ọ̀yọ́ sì rán ogun wá, àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun.

Ká má fi bò, ẹ̀jẹ̀ ṣàn níbẹ̀, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni lọ fa àdá yọ torí lándílọ́ọ̀dù fowó lé rẹ́ǹtì. Àkókò tí Lísàbí fi ń roko olóko yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà á ní ọkùnrin yìí ti gba kádàrá, ó ń roko ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò dá sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjọ́ tó ń kọjá ló ń sún un mọ́ ibi tó ń lọ. Ká ló dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á pa á, kò ní ju ẹkún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ká ló sì roko lásán títí tó fi kú láìkó ẹnikẹ́ni jọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Lísàbí.

Àwọn ìyá wa náà ṣe irú ẹ̀ láìfa idà. Láti ọdún 1918 nìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, lọ́tọ̀ sí tàwọn ọkọ wọn, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 ti ń san, ọkùnrin dìgbà tó bá pé 16. Nígbà ogun Hitler wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Kí wọ́n tó kó ara wọn jáde sójú títì rárá, ọdún bíi mélòó kan ti lọ sí kíláàsì ìwé kíkà táwọn ìyá ọlọ́jà ń lọ, sí lẹ́tà, sí aṣojú tí wọ́n ń rán lọ bá ìjọba, sí ìpàdé lórí ìpàdé. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, lọ́dún 1946 ni ẹgbẹ́ yẹn di Abeokuta Women's Union, tí àtìyá ọlọ́jà àtìyá tó kàwé wé gèlè jókòó pọ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò wọ ẹnikẹ́ni létí, ní ìparí 1947, wọ́n tú yáyá lọ sí ààfin ní Aké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń kọrin. Ìjọba yọ owó orí obìnrin kúrò, ní January 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì gbé adé sílẹ̀ (ó padà wá lẹ́yìn náà, ní 1950, ìlú gbà á padà, sùúrù tiwọn náà nìyẹn). Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́nì kan bá gbé àwọn obìnrin yẹn ga níbi ayẹyẹ, kó tó wá délé kó sọ fún ọmọbìnrin ẹ̀ pé obìnrin tó ní sùúrù kì í fèsì.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín ẹni tó ní sùúrù àtẹni tí wọ́n kàn ń gùn? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wo ìyá tó ń fi ewé ẹ̀lú pa aró bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, kì í ṣe ti kọ́sítíìkì tó ń yá wéré. Ìyá yìí á rẹ ẹ̀lú sínú omi eérú, á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan. Ó ń retí o, àmọ́ kò yéé ṣí ìkòkò wò, á gbóòórùn ẹ̀, á rò ó, á tọ́ ọ wò, á wo àwọ̀ tó ń gbá lójú ẹ̀. Tó bá jinná, aṣọ á wọ inú ẹ̀, á jáde, wọ́n á fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, á tún padà wọ inú ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè mú un dú bó ṣe yẹ. Tí ìkòkò bá wá bàjẹ́, tó ti rí i tó ti gbóòórùn ẹ̀ pé ó bàjẹ́, á dà á nù, á fọ ìkòkò, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí aláró tó máa jókòó ti ìkòkò tó ti bàjẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kó ní òun ń ní sùúrù.

Torí náà, tí wọ́n bá ní kó o ní sùúrù, kọ́kọ́ bi ara ẹ, kí ni mò ń retí gan-an? Kó ní orúkọ o. "Kó dáa" ò tíì tó, kí ni dídáa ọ̀hún, ìgbà wo la sì jọ fi sí? Kí ni mò ń ṣe nísinsìnyí tó lè mú un ṣẹlẹ̀? Ta ló ń jèrè bí mo ṣe ń dúró yìí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń tú àṣírí. Ẹ mú ọmọṣẹ́ télọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé àdéhùn ọdún mẹ́ta ni, tó lo ọdún méjì, tó ń kùn pé ọ̀gá ń rán òun níṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kó ní sùúrù, iṣẹ́ ọwọ́ ò ṣeé fi ìkánjú kọ́, ẹni tó bá sá kúrò ní ìdajì á máa ba aṣọ aláṣọ jẹ́ kiri. Àmọ́ tí ọdún mẹ́ta bá ti pé, tó ti di mẹ́rin, tó ti ń gé aṣọ tó ń rán an fún kọ́sítọ́mà, tọ́gà ń gbowó, tọ́rọ̀ fíríìdọ̀ọ̀mù bá dé tọ́gà á ní "ní sùúrù, ọmọ mi", ọ̀gá ló ń jèrè sùúrù yẹn. Kì í ṣe kí ọmọ náà wá bú ọ̀gá. Kó padà lọ bá àwọn òbí tàbí bọ̀ọ̀dá tó mú un wá ṣiṣẹ́ níjọ́ kìíní, kí wọ́n jọ wá bá ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ pàápàá tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní "ẹ̀yin bàbá, a dúpẹ́, ẹ bá wa dá ọjọ́". Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni wọ́n á máa retí, tó bá sì tún yẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ wà, wọ́n ní alága.

Ti gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ bá a lówùúrọ̀ kí àlejò tó pọ̀ nílé ẹ̀. Má pariwo. Jẹ́ kó dá iye àti ọjọ́, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kó lè wà níbì kan, kó fèsì pé òun gbà. Ọjọ́ bá kọjá, lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tàbí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún. Ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, kóòtù ìbílẹ̀ kì í ṣe ilé ọ̀tá. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí láìbú ẹnikẹ́ni, láìlọ já gèlè lórí ìyàwó oníyàwó, sùúrù ẹ̀ ju tẹni tó dákẹ́ fún ọdún méjì tó wá lọ fọ́ fèrèsé ilé onígbèsè lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ fíìfíì. Àwọn àgbà tó ní sùúrù ni baba ìwà yẹn náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò tako ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwa la máa mú ọ̀kan ju èkejì nù.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà táwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣì í mú, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan wà nílé láti ọdún tó ti pẹ́, kò kọ́ṣẹ́, kò wáṣẹ́, ó ní òun ń dúró de àkókò Ọlọ́run, bó pẹ́ bó yá akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni, á pè é, àmọ́ akólòlò yẹn ń la ẹnu lójoojúmọ́, ó ń gbìyànjú ẹ̀, ó ń ní "ba, ba, ba". Ẹni tí ò la ẹnu rárá ò sí nínú òwe yẹn.

Ibì kan wá wà tí kò sí nǹkan tá a lè ṣe sí i, ibẹ̀ sì ni sùúrù ti ṣòro jù, òun sì ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù lé lórí. Ẹ ronú kan ẹni tí ìyá ẹ̀ ti dàgbà tó ti ń gbàgbé nǹkan. Màmá á bi í pé "ṣé bàbá ẹ ti dé?", bàbá ti kú tipẹ́, ó ṣàlàyé, kò pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún màmá tún bi í. Màmá á ní wọ́n jí owó òun, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìrọ̀rí ló wà. Lóru á dìde, á ní òun ń lọ sóko. Níbí, kò sí àdéhùn tó yẹ̀, kò sí onígbèsè, kò sí ẹni tó ń jèrè, ẹni tó ní tèmi ni kí wọ́n gbọ́ ò lè borí. Sùúrù ibí yìí ni kéèyàn má bá a jiyàn pé bàbá ti kú ní gbogbo ìgbà tó bá bèèrè, kó ní "wọn ò tíì dé, màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná", kó fi làfún gbígbóná síwájú wọn, kó ti ilẹ̀kùn lóru, kó rọra wá owó lábẹ́ ìrọ̀rí kó ní "òun rè é o". Ká sì má purọ́, ó ń rẹni. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń dá a ṣe máa fìbínú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, kì í ṣe pé ìwà ẹ̀ burú, oorun ni kò sùn. Torí ẹ̀ làwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò tó wà l'Ékòó tó ń pe fóònù pé "ẹ ní sùúrù fún màmá o" ṣe gbọ́dọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí kí wọ́n fi owó ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ ránṣẹ́. Sùúrù ń tán lára èèyàn, oúnjẹ àti oorun sì wà lára nǹkan tó ń dá a padà.

Ìbínú ojoojúmọ́ ńkọ́? Mọ́tò tó wọlé síwájú ẹ ní Kútọ́ láìfún ẹ ní sígínà, ọmọ tó da mílíìkì sílẹ̀, ẹni tó kọ ìkọkúkọ sí WhatsApp ẹbí. Nínú irú ìwọ̀nyí mo fara mọ́ àwọn tó ń wàásù sùúrù pátápátá, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní rántí ara ẹ̀ lọ́la. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń ní "ẹ jẹ́ kí n sùn lé e", ó dáa gan-an ni, ọ̀rọ̀ tó bá ṣì tọ́ láti sọ lówùúrọ̀, sọ ọ́ nígbà náà, ohùn ẹ á ti rọlẹ̀, ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ á sì gbọ́ nǹkan tó o sọ dípò bó o ṣe sọ ọ́. Tó bá di pé o ti sùn lé ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tó ń jí bá ẹ láàárọ̀, ìyẹn ti kúrò ní nǹkan tí wọ́n ń sùn lé, lọ sọ ọ́.

Ó wá ku ti ìyàwó tójú ẹ̀ wú. Níbí mi ò ní sọ pé "ó sinmi lórí". Lílù kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù. Kò sí nǹkan tí obìnrin yẹn ń retí tí lílù máa bí, ọkọ nìkan ló ń jèrè dídákẹ́ ẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá kejì sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2015 ni òfin tó ka ìwà ipá sáwọn èèyàn léèwọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti gbé tiẹ̀ kalẹ̀, kí ọkọ na ìyàwó, kó lé e jáde kó má fún un lówó oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ wà nínú nǹkan tí òfin náà ń bá wí. Ẹni tí sùúrù tọ́ sí nínú ilé yẹn ni ọkùnrin tí ọwọ́ ẹ̀ yá, òun ló yẹ kí gbogbo ẹbí pè jókòó bí wọ́n ṣe máa ń pe ìyàwó jókòó.

Àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé, tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá bá mi nílé lálẹ́, kí ni kí n sọ, torí "ẹ ní sùúrù" yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Fún un lómi mu. Bi í bóyá ó fara pa níbì kan tó yẹ kí dókítà wò, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ sì gba ìwé tí dókítà bá kọ. Bi í níbo làwọn ọmọ wà. Má pe ọkọ ẹ̀ lórí fóònù láti "là á", ó lè wá bá yín níbẹ̀. Bi í nǹkan tóun fúnra ẹ̀ fẹ́, kó o sì dákẹ́ kó o gbọ́ ọ parí. Tó bá ní òun fẹ́ sùn síbẹ̀ lálẹ́ yẹn, wá ẹní fún un. Tó bá di àárọ̀, tó bá ní òun fẹ́ lọ ọ́fíìsì wẹ́fíà tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ bàtà ẹ kó o bá a lọ, torí obìnrin tó bá dá lọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì kọ́kọ́ sọ fún un pé kó padà sílé, kó lọ ní sùúrù.